Ẹ Ṣọ̀fọ̀ fún Ìṣẹ́jú Kan, Ẹ̀yin Ọmọ Yìí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú sáfà, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì ná, àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ayé ti bàjẹ́. Nínú Linux, tí ìsopọ̀ TCP bá parí, ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ó dàbọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 60. TIME_WAIT ni orúkọ ọ̀fọ̀ náà. Wọn ò fi í ṣeré: packet tó ṣáko lójú ọ̀nà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó wọlé tọ ìsopọ̀ tuntun tó jogún pọ́ọ̀tù òkú, kó máa ṣe bí ọmọ ilé.

Ìṣẹ́jú kan péré! Àwọn ìyá wa fi ogójì ọjọ́ ṣe opó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ pé wọ́n ráhùn. Ẹ̀yin ẹ rí ẹgbẹ̀rún mélòó kan TIME_WAIT, ẹ ké gbàjarè pé sáfà fẹ́ kú. Mẹ́mórì táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń jẹ! Ni ẹ bá lọ ṣa tcp_tw_recycle níbi tí ẹ ò mọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ sysctl.conf, ẹ sì lọ sùn.

Ẹ wá wo aburú tó bí. Fóònù rẹpẹtẹ ló ń gba abẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí NAT. Àmì àkókò tí kálukú wọn ń fi ránṣẹ́ ò dọ́gba, recycle sì gbà pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Tí èyí tí àmì tirẹ̀ kéré bá dé lẹ́yìn èyí tó ga, sáfà á da SYN rẹ̀ nù láìfọhùn. Ìkànnì yóò ṣí fún Bọ́lá, àbúrò rẹ̀ tó jókòó tì í yóò máa wo ojú fóònù bí ọ̀bọ. Lọ́dún 2017 ni wọ́n yọ recycle kúrò pátápátá nínú Linux 4.12, síbẹ̀ ó ṣì wà nínú fáìlì yín! Sysctl ń pariwo pé òun ò rí i, ẹ di etí.

(Ẹni tó ń gé tcp_fin_timeout nítorí ọ̀fọ̀ yìí, FIN_WAIT_2 nìyẹn ń bá wí. Òkú ibòmíràn ni.)

Tí àlejò bá ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, somaxconn ni kí ẹ yẹ̀ wò. 128 ni tẹ́lẹ̀. Láti Linux 5.4 ó di 4096. Ṣùgbọ́n 511 ni nginx fúnra rẹ̀ ń béèrè, èyí tó kéré jù ló sì ń borí. Ẹni tó kọ 65535 tí kò fọwọ́ kan backlog nínú nginx, asán ló kọ. Ẹ kọ́kọ́ wo netstat -s, bóyá iye overflow ń gòkè. Bí kò bá gòkè, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.