Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Gẹ̀ẹ́sì Ìgbàanì Lórí Ilẹ̀ Afijió

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó wọ̀lú lánàá, tó jókòó sórí òkúta ojúbọ tó ń jẹ iṣu, ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí. Lónìí, ẹ wá sí Fìdítì tàbí Ìlọrà ní Afijió níbi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀, kí ẹ wá wo onílé tó sọ ara rẹ̀ di àlejò. Bàbá tó mọ gbogbo pèrègún tó wà lóko ẹbí, tó lè dijú kó sì tọ́ka ibi tí ọsàn tiwọn parí sí, òun náà ló jókòó síwájú agíríméǹtì, tó na àtàǹpàkò síta, tó ń retí kí wọ́n gbé yíǹkì wá.

Kí ló wà nínú ìwé ọ̀hún? “Whereas” ló ṣíwájú. “Hereinafter” tẹ̀ lé e. “Aforesaid”, “thereto” àti “thereunto” tò sẹ́yìn wọn bí ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí lóde òkú. Nígbà tó yá, “messuage” yọjú. Ilé, pẹ̀lú ọgbà àti àwọn ilé kéékèèké tó yí i ká, ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti igi ọsàn díẹ̀ ló wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà. Inú ìwé ẹlòmíì ni akọ̀wé tó kọ ìwé yìí ti kó ilé wá.

Àdììtú kọ́ o. Nínú irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí, “here” ni “èyí”, ìyẹn ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni. “There” ni “ìyẹn”. “Where” ni “èyí tí”. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nídìí ló ń sọ bí nǹkan kan ṣe wà sí èkejì: nínú ni, lẹ́yìn ni, lábẹ́ ni. “Hereinafter” kò ju “láti ibí yìí lọ nínú ìwé yìí” lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì lásán ni nígbà kan. Nígbà tí Bíbélì King James jáde lọ́dún 1611, ọ̀rọ̀ kékeré nì, “its”, ṣì ṣàjèjì débi pé àwọn atúmọ̀ kò lò ó. “Thereof” ni wọ́n sábà ń fi dípò. Àwọn tó ni èdè ti kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu tipẹ́. Ó ku ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku kóòtù, ó ku ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé etí títì Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá tilẹ̀ láyà, ó béèrè:

“Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń pè ní hereunder yìí?”

“Ìsàlẹ̀ ni, bàbá.”

“Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa?”

Akọ̀wé mi orí. Owó ló ń kà. Ìsàlẹ̀ ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ń wí. Bàbá darí sílé pẹ̀lú èrò pé òun ti ta inú ilẹ̀ mọ́ òkè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ti fi àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Olówó tó wá rajà ńkọ́? Kò yé òun náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Lójú tirẹ̀, agíríméǹtì tó bá yé èèyàn kò tíì lágbára.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òyìnbó kan ti kìlọ̀. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, sì gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ. Lọ́dún 1921, Viscount Haldane dá ẹjọ́ náà, ó sì sọ ọ́ gbangba pé kí àwọn adájọ́ ṣọ́ra kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Àlejò nìyẹn tó lójú tó sì fi ríran! Ọmọ onílẹ̀ ló kọtí ikún.

Ọjọ́ tí ìjà bá dé ni ẹ ó mọ̀. Ní kóòtù, ẹni tó ń béèrè ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ààlà rẹ̀ hàn kedere. Adájọ́ lè dìde kó wá wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ pààlà ni wọ́n máa pè wá jẹ́rìí, odò àti pèrègún ni wọ́n máa tọ́ka sí. Ní ìlànà ìbílẹ̀, owó, ẹlẹ́rìí, àti fífa ilẹ̀ léni lọ́wọ́ níṣojú wọn ti tó, kódà bí kò sí ìwé. Ní ti òfin ilẹ̀ ọdún 1978, àṣẹ gómìnà tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ ló béèrè, irú ilẹ̀ tó bá jẹ́ ló máa sọ èyí tó kàn. Ọgọ́rùn-ún “aforesaid” kò lè dípò rẹ̀.

Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé sì wà nílẹ̀: ẹni tó bá bá a kọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Afijió, kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ mú akọ̀wé lọ sórí ilẹ̀, ẹ pe àwọn tí ẹ jọ pààlà, kó ka gbogbo rẹ̀ lédè Yorùbá sétígbọ̀ọ́ wọn. Bó bá kọ̀, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.