Mílíọ̀nù kan fún òru kan

Nínú fíìmù Indecent Proposal, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, gbèsè ilé wọ tọkọtaya kan lọ́rùn, wọ́n bá forí lé Las Vegas láti ta tẹ́tẹ́. Tẹ́tẹ́ jẹ wọ́n gbẹ. Ni olówó kan, tí Robert Redford ṣe, bá ní òun yóò san mílíọ̀nù kan dọ́là fún òru kan pẹ̀lú ìyàwó. Wọ́n gbà. Lọ́yà wọn kò ní kí wọ́n má ṣe é o. Ohun tó dùn ún ni pé òun ì bá ti bá wọn ná an dé mílíọ̀nù méjì. Àfi bí alága níbi ìdána! Owú wá tú ilé ká. Ọkọ kó mílíọ̀nù náà, ó fi ra erinmi ní gbàǹjo. Lójú tèmi, erinmi yẹn nìkan ló jèrè.