Ajá Bàbá Rélùwéè

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ògiri ilé wa yìí létí. Ọ̀rọ̀ Bàbá Rélùwéè ni. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí Màmá, ìyàwó wọn, ti papò dà, Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni ṣe àwàdà mọ́. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á mi orí, wọ́n á tilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà, owó sì ń wọlé lóṣooṣù, n ò ní purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ owó kì í kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ béèrè bóyá èèyàn jí.

Ajá ló wá ń kàn án. Ajá ìbílẹ̀ lásán ni o, pupa rúsúrúsú, eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Abẹ́ ọkọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló ti yọjú, Bàbá gé ẹ̀kọ jù sí i, ló bá di ará ilé. A rò pé Bíńgò ni wọ́n máa sọ ọ́ bí ajá gbogbo ayé. Rárá o. Ẹòpèmí ni wọ́n sọ ọ́!

Ẹ̀yin àgbà á rántí pé bí wọ́n ṣe ń jà láyé àtijọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò lè kojú orogún tàbí aládùúgbò rẹ̀ á wá ajá, á fi òwe sọ ọ́ lórúkọ, á wá máa pè é kíkankíkan níwájú ilẹ̀kùn ẹni tọ́rọ̀ kàn. Bí onítọ̀hún bá bínú, ó ti gbà pé òun ni nìyẹn.

Ìyá Rìsí, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ gbà. Ṣé òun ló ṣe ìkómọ ọmọọmọ rẹ̀ tí kò pe Bàbá. Bó bá ti gbọ́ “Ẹòpèmí, wá jẹun!” lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ọmọrí ìkòkò á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó bu ìrẹsì àti ẹran lọ bẹ Bàbá. Bàbá jẹ ẹ́ tán, wọn ò sọ fún un pé kì í ṣe òun làwọn ń bá wí. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Òun náà gbọ́ ọ lórí WhatsApp, ó ní, “Bàbá, kí lẹ pe ajá yẹn?” Bàbá tún un pè, wọ́n fà á gùn. Ọmọ dákẹ́. Ní báyìí, alaalẹ́ ni fóònù Bàbá ń dún, ajá sì ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìrìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Ẹòpèmí á ti máa ha ilẹ̀kùn. Bàbá tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n dé ẹnu géètì tẹ́lẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Bọ́lá lọ sí stéṣọ̀n rélùwéè ní Dùgbẹ̀. Tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á dúró máa ṣàlàyé fún ajá pé ọdún 1901 ni rélùwéè láti Èkó wọ Ìbàdàn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kan. Ata ni mò ń lọ rà o, ẹ yé wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn! Ẹlẹ́kọ, fọkanáísà, ọmọ iléèwé, gbogbo wọn ló ń kí ajá kí wọ́n tó kí Bàbá, Bàbá sì ń dáhùn fún àwọn méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òkè kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ó sọ èyí fún mi. Ó ní lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ ní Swídìn gbé ìwádìí kan jáde, tí wọ́n fi nǹkan bí ọdún 12 tọpasẹ̀ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 3, láti ẹni 40 ọdún sí ẹni 80 ọdún. Nínú àwọn tó ń dá gbé, ewu ikú fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín lọ́dọ̀ àwọn tó ní ajá. Mo ní, “Ẹ dúró ná, ṣé ajá ló fún wọn lókun ni, àbí ẹni tó lókun ló lè máa sá tẹ̀ lé ajá?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun táwọn onímọ̀ náà ń bi ara wọn nìyẹn. Èmi tí n ò lọ yunifásítì! Ó wá kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ lọ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tì.

Wàhálà ajá náà wà o. Àlùfáà àdúgbò wa ti ní kó má fẹnu kan kẹ́tù àlùwàlá òun. Àna Ìyá Rìsí tó ti Oǹdó wá wo ajá látòkè délẹ̀, ó béèrè iye tí wọ́n máa gbà. Bàbá ti ajá mọ́lé títí àlejò fi lọ. Ti dìgbòlugi ni n ò lè fi ṣàwàdà, torí bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá ti gbé ajá lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹranko ní Mọ́kọ́lá, wọ́n sì ní ọdọọdún ni kó máa gbà á. Okùn ajá tún fẹ́ gbé Bàbá ṣubú nígbà kan. Nọ́ọ̀sì ní ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣírò rẹ̀ rí pé lọ́dọọdún lọ́dọ̀ wọn, ó lé ní 86,000 ìgbà tí ajá tàbí ológbò ń mú kí èèyàn ṣubú fara pa. Okùn kúkúrú ni Bàbá ń lò báyìí.

Ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ pè yín. Ìyá Rìsí ti wá abo ajá kan! Mopètán ló sọ ọ́. Òun àti Bàbá ti ń jókòó pọ̀ nírọ̀lẹ́ báyìí, wọ́n ń jiyàn nípa ẹni tó máa sọ àwọn ọmọ ajá lórúkọ, torí Mopètán ti lóyún. Mo ti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan. Mo ti mọ orúkọ tí n ó sọ ọ́, àmọ́ n ò ní dá a níbí: ẹni tọ́rọ̀ kàn wà láàárín yín.