Oríkì Ìwé-Ẹ̀rí, Abíkú Inú Fáìlì

Ìwé-Ẹ̀rí o! Àjànàkú inú fáìlì!
Ọmọ Òǹtẹ̀, ọmọ Síìlì, ọmọ Ẹ-padà-wá-lọ́la.
Òkú igi tí ń pàṣẹ fún alààyè.
Ó fẹ́lẹ́ títí, síbẹ̀ ó dí ẹnu ọ̀nà ìjọba pa.
Mo yíìká ọ̀tún, mo yíìká òsì fún ọ. Ta ló tó bá ìjọba dòwò pọ̀ láìkọ́kọ́ júbà rẹ?

Ọmọ bíbí òfin ọdún 2007 ni ọ́, òfin tó là á sílẹ̀ bí Ìjọba Àpapọ̀ yóò ṣe máa rajà àti bí yóò ṣe máa gbéṣẹ́ jáde. Ó ní ẹni tí kò bá san owó orí, tí kò san owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ jókòó ti abọ́ ìjọba. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. N kò bá ọ jà níbẹ̀.

Ọba kì í dá rìn. CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ń ké "ẹ yà lọ́nà" níwájú. Ìwé owó orí ọdún mẹ́ta gbé agboòrùn. PenCom ti owó ìfẹ̀yìntì di apá ọ̀tún rẹ mú, NSITF tí ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ di tòsì. ITF ti Jọ́ọ̀sì, tí ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́, wá fọn kàkàkí. Ìgbà tí gbogbo wọn bá pé tán ni BPP, àjọ tí ń ṣọ́ bí ìjọba ṣe ń rajà, tó kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe sínú ìwé ńlá tirẹ̀.  

Abíkú sọ agbaṣẹ́ṣe di onígbèsè! Lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, ìwé PenCom, ti ITF àti ti NSITF á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò tíì jẹ ìyán ọdún tuntun tán á tún ti máa sáré kiri kí wọ́n lè padà wáyé.

Káfíńtà kan wà ládùúgbò wa. Ọ̀gànwó ló fi ń kan bẹ́ǹṣì. Ọmọdé fò lórí rẹ̀ títí, kò mì. Ìjọba ń wá bẹ́ǹṣì ilé-ìwé, ó lọ, wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì ọmọṣẹ́ rẹ̀ dà. Ọmọṣẹ́ tó jẹ́ pé òun ló ń fún un lóúnjẹ! Ẹlòmíràn tó gbaṣẹ́ náà kò ní ayùn, kò ní òòlù, kò mọ ọ̀gànwó yàtọ̀ sí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ìwọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ìwé-Ẹ̀rí, tí wọ́n fi ọ̀rá dì, tó ń dán yinrin. Ó gbéṣẹ́ náà padà wá fún káfíńtà wa ní ìdajì owó. Káfíńtà náà fi pákó olówó pọ́ọ́kú kàn án, ó dín ìṣó kù. Kí ni kó ṣe?

A-jókòó-jẹ-owó-ayùn, mo kí ọ!

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ń yan agbaṣẹ́ṣe, bí ẹ bá ti wo Ìwé-Ẹ̀rí tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ẹni tó mú un wá pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dà.