Ogún Ìṣẹ́jú Tó Gbà Mí Ní Oṣù Mẹ́rin

Ogún ìṣẹ́jú ni obìnrin inú fóònù wí. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ó gé olú, ó se sùpàgẹ́tì, ó da kírímù lé e lórí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní oúnjẹ alẹ́ ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu nìyẹn. Èmi tí mò ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìgbòho láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ló tún rẹ̀ tó mi? Mo ní ó dáa, n ó sè é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ìdáná ṣe kàn mí. Láti ìgbà tí ìsọ̀ ẹ̀lùbọ́ ìyá àwọn ọmọ ti fẹjú ni a ti ṣe òfin nílé wa: ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé lálẹ́ ni yóò dáná. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ń pa ṣọ́ọ̀bù dé. Aago mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án, ni òun ń ti ọjà bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Ọkọ ẹlẹ́lùbọ́ ni mí o, mo tún ń wá sùpàgẹ́tì kiri. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ fọ ojú, àmọ́ ojú tèmi, itọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́.

Àkọ́bí wa obìnrin, tó wà ní yunifásítì, ló fi fídíò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, àmàlà ojoojúmọ́ yìí ti ń pọ̀ jù fún yín. Ẹ máa se eléyìí ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Kò le rárá." Kò le rárá. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Obìnrin inú fóònù ṣí fíríìjì, ó mú olú jáde nínú ike, ó funfun báláú bí ẹyin. Ní Ìgbòho, ìdí ọ̀gán ni fíríìjì olú wà, òjò ló sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ikán ló ń dá oko olú yẹn. Wọn á jẹ koríko gbígbẹ àti igi, wọn á fi ìgbẹ́ wọn mọ nǹkan kan bí afárá oyin sínú ilẹ̀, ibẹ̀ ni olú á ti máa ta gbòǹgbò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ikán á máa fi í ṣe oúnjẹ. Àfi tí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ mumi dáadáa ni yóò tó yọrí síta kí ọmọ aráyé rí i. Àwọn onímọ̀ ti fẹ́ gbin irú olú yìí bí a ṣe ń gbin àgbàdo, kò gbà fún wọn. Ikán mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni.

Oṣù Èrèlé ni mo fẹ́ dáná yìí. Ètè mi ń là, eruku ń sọ. Mo dé ọjà, mo bi ìyá aléwédú kan pé olú ńkọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Olú, nínú ẹ̀ẹ̀rùn?" Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá wo ọkùnrin tó ń wá olú. Ẹnìkejì pe ẹnìkẹta. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ní ó máa wà nínú agolo ní Ìbàdàn. Kí n wọkọ̀ láti Ìgbòho lọ sí Ìbàdàn nítorí olú inú agolo, kí n sì padà wálé wá dáná ogún ìṣẹ́jú!

Ni mo bá dúró de òjò. Mo dúró ní Ẹrẹ́nà, mo dúró ní Igbe, Èbìbí kọjá. Oṣù Òkúdù ni olú tó yọ. Ẹ̀yin ará, oúnjẹ ogún ìṣẹ́jú, oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró dè é.

Kì í sì í ṣe pé olú yọ, ó wá kan ilẹ̀kùn mi. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wà nídìí ọ̀gán pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, torí àwọn ọmọdé a máa ṣíwájú ẹni débẹ̀, ìdìn a sì máa ṣíwájú ẹni tó bá pẹ́. Ìrì rẹ ṣòkòtò mi dé orúnkún. Mo fà wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ wọn gùn, ó wọlẹ̀ lọ bí ìṣó, amọ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkọ́bí mi pé èyí kò mà jọ ti inú fídíò. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ B. A. Oso ti kọ̀wé lórí olú àti àwọn Yorùbá láti 1975, ó sì mẹ́nu kan èyí tí à ń jẹ àti èyí tí à ń fi ṣe oògùn. Mo ní kó wá ibi tí wọ́n kọ sùpàgẹ́tì sí níbẹ̀ fún mi. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ó ku kírímù. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ tí wọn ò sọ pé mílíìkì inú agolo ni mo ní lọ́kàn, wọn ò ní ohun mìíràn. Mo wá rántí ìyá Fúlàní tó máa ń gbé igbá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ra wàrà olómi lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún ra èyí tó dì, torí obìnrin inú fóònù ní ká rẹ́ wàràkàṣì sí i kó yọ́. Mi ò bèèrè. Ohun tó pa mí nìyẹn. Nónò ló wà nínú igbá yẹn, ó ti kan. Bí mo ṣe dà á sórí olú tó ń hó lórí iná, ó já: omi ṣẹ́rẹ́ lọ́tọ̀, ègé funfun lọ́tọ̀, bí tọkọtaya tó jà tí wọ́n pín yàrá. Mo ní wàrà tó dì á pa wọ́n pọ̀. Wàrà tiwa, omi ewé bọ̀mùbọ̀mù ni wọ́n fi ń mú un dì, iná kì í yọ́ ọ. Ẹ sè é, ó le. Ẹ dín in, ó tún le sí i. Mo rò ó, mo rò ó, apá ń ro mí, gbogbo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé síbẹ̀. Gáàsì sì ti tán kí n tó débẹ̀, èédú ni mo fi ń dáná. A kì í wá èédú tì ní Òkè-Ògùn, ọkọ̀ ńlá ló ń kó o lọ sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí èèyàn á yí kí iná rẹ̀ rọlẹ̀. Sùpàgẹ́tì di ẹ̀kọ.

Aago mẹ́sàn-án kọjá dáadáa nígbà tí mo bu oúnjẹ. Ìyá mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fi ojú kan wo àwo. "Ọmọ mi, ta ló da ekòló sínú wàrà yìí?"

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ìlú wa, ẹ ó rántí pé Ìgbòho ni àwọn Aláàfin fi ṣe olú ìlú lẹ́yìn tí Tápà fọ́ Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí Aláàfin Abípa wá ní ká padà sílé, àwọn ìjòyè tí Ìgbòho ti wọ̀ lára rán àwọn kan lọ sínú ahoro lóru kí wọ́n máa ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Kábíyèsí rán ọdẹ lọ kó gbogbo iwin náà wá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọba Mọ́rọ̀. Inú rírun àwọn ọmọ mi, irú iwin yẹn ni. Èmi ni mi ò ní ọdẹ.

Ìyá wọn wọlé bá wa báyẹn. Ó wo ìkòkò, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé omi kaná, ó ku ẹ̀lùbọ́ sí i, ó mú orógùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wo aago ni: ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, àmàlà ti délẹ̀, gbẹ̀gìrì àná ti gbóná. Inú àwọn ọmọ jiná lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ìtàn tí àkọ́bí mi gbé dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n má ráhùn kírímù mọ́, pé bàbá ńlá irú pásítà funfun yìí, Alfredo di Lelio, olóúnjẹ ní Róòmù, kò fi kírímù sí tirẹ̀ rárá. Bọ́tà àti wàràkàṣì ni. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ló bímọ ní 1908 tí oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ló fi pò ó fún un. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá da kírímù sí i lẹ́yìn náà. Mo ní ó dáa, o ṣeun ọmọ mi. Ìyàwó tèmi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹnu rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí.

Ọjọ́bọ̀ ti tún ń bọ̀, òfin ilé wa ò tíì yí padà. Ẹni tó bá ní ọ̀kadà tó ń ṣe ségesège ní Ìgbòho yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá fún mi lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. N ó tú gbogbo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ pátá títí di aago mẹ́wàá. Mi ò ní gba owó.