Ẹ Jẹ Ìrẹsì, Ẹ Buwọ́ Lùwé

Ìyàwó, fa àpótí yẹn mọ́ra, kí o gba àgbọn yìí máa bá mi rin ín, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹnu nìkan là ń fi ṣiṣẹ́ níbí. Èmi kì í ṣòfófó. Ẹni tó bá ní mò ń ṣòfófó, kó sọ ọjọ́ tí mo purọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Pé fèrèsé mi wá kọjú sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, ẹni tó kọ́lé ni kí wọ́n lọ bi.

Ṣé o mọ ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń bá àwọn opó apẹja san owó ilé ìwé ọmọ, níbi ọ̀nà etíkun lọ́hùn-ún? Mi ò ní dárúkọ. Ìlú Kankon wa yìí ò tóbi. Orúkọ tí o bá dá láàárọ̀, ọlọ́kadà á ti gbé e dé bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Bàbá Olùdásílẹ̀, èèyàn dáadáa ni o. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ yé ọ. Owó ara rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ta ilẹ̀ tó jogún, òun fúnra rẹ̀ ló ń gun ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí òkun gbé bàbá wọn lọ. Ìgbà tó wá fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní kó mú àwọn trọ́sítì wá, àwọn tí yóò máa bójú tó ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìyàwó rẹ̀, ọ̀kan. Àbúrò rẹ̀, méjì. Pásítọ̀ rẹ̀, mẹ́ta. Álífà tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, kí àwọn Mùsùlùmí má baà bínú, mẹ́rin. Olóyè kan tí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́. Ọ̀gá kan ní Ìkòyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí, àmọ́ tí orúkọ rẹ̀ dúdú kírikíri lórí gbogbo lẹ́tà tí ẹgbẹ́ bá kọ. Ẹnì keje ni Ìyá Tíṣà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó jẹ́ pé ìdajì àwọn ọmọ tó wọ Model College ládùúgbò yìí, abẹ́ pàṣán rẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Torí ìwé kíkọ rẹ̀ tó gún régé ni wọ́n fi fi í ṣe akọ̀wé. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ máákì ìwé ọmọ, bó bá rí ìṣirò tí kò yé e, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un ni.

Ìpàdé wọn nígbà náà, bí ẹni tó wá síbi ìsọmọlórúkọ ni. Bàbá ló pè é, Bàbá ni alága, Bàbá ló ń ka ìròyìn iṣẹ́, Bàbá náà ló ń yin ara rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. "Ṣé kò síbèérè?" "Kò sí o, Bàbá." Òórùn ìrẹsì á ti máa bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n á gbé ìwé kan yípo kí kálukú buwọ́ lù ú. Mo fojú mi rí olóyè níjọ́ kan tó ń fi ọwọ́ òsì buwọ́ lùwé, torí ọ̀tún ti wà nínú ẹran. Owó mọ́tò, ó dìgbà, ó parí.

O ti rí Zangbeto, eégún koríko yẹn, rí, àbí? Bó bá jó tó jó, àwọn Ògù wa á dojú aṣọ koríko rẹ̀ dé, wọ́n á ní kí o wá wo abẹ́ rẹ̀: kò séèyàn níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù àwọn trọ́sítì yẹn gan-an nìyẹn. Ó ń yí, ìlù ń dún, kò séèyàn nínú. Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin oní-Zangbeto, bí ẹ bá ń gbọ́ mi, mi ò bú yín. Tiyín ń ṣọ́lé, ó sì ń mú olè.

Má sì rò pé àwa nìkan la nírú ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló sọ ti Kids Company fún mi. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Camila Batmanghelidjh ló dá a sílẹ̀ ní 1996, ní Camberwell níbẹ̀, láti máa ran àwọn ọmọ tójú ń pọ́n lọ́wọ́. Àá, ìyàwó, o bá rí gèlè obìnrin yẹn! Aláràbarà, bí ẹni tó fẹ́ lọ síbi ìyàwó lójoojúmọ́. Aṣọ balabala délẹ̀. Ọmọ yẹn fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo ní ta ló ta áńkárá yìí fún un? Àwọn olórí ìjọba fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń da owó ìlú sí i, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Alága bọ́ọ̀dù rẹ̀, Alan Yentob, ọ̀gá ńlá ni ní BBC nígbà náà. Láti 2003 ló ti wà lórí àga náà títí ilé fi wó. Ọdún mélòó lo ṣírò yẹn? Owó ń wọlé, owó ń jáde, kò sí ti ìpamọ́ fún ọjọ́ òjò. Ní 2015, ìjọba tún fún wọn ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn ọmọ tó ń jẹun níbẹ̀ dúró síta.

Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn jókòó sí i, wọ́n ní ọwọ́ àwọn trọ́sítì ni ẹ̀bi wà, pé wọn ò bi olùdásílẹ̀ léèrè bó ti yẹ. Àmọ́ gbọ́ èyí tó kù, torí mi ò fẹ́ pa ìdajì ọ̀rọ̀ mọ́. Ìjọba tún pe àwọn trọ́sítì lẹ́jọ́, pé kí ilé ẹjọ́ má jẹ́ kí wọ́n darí iléeṣẹ́ kankan mọ́. Ní 2021, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga da ẹjọ́ náà nù. Wọn ò jalè, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ náà. Mo fara mọ́ adájọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ń fi ẹjọ́ dẹ́rù ba gbogbo ẹni tó bá fi ọ̀fẹ́ jókòó sórí bọ́ọ̀dù, àwọn olóṣì tí kò níṣẹ́ nìkan ni yóò kù tí yóò jókòó síbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kì í jalè tí kì í bèèrè ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ebi àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀yàtọ̀.

Nílé ńbí náà, ìwọ ṣáà rántí oṣù Kìíní ọdún 2017. Àgbàlá yìí ò sùn! Àjọ FRC, àwọn tó ń mójú tó bí àwọn iléeṣẹ́ ṣe ń ṣírò owó, ti gbé òfin jáde ní 2016 pé olórí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ aláàánú kò gbọdọ̀ lò ju ogún ọdún lọ lórí àga. Pásítọ̀ Adébóyè ti wà nídìí ìjọ Ridíìmù láti 1981. Ọjọ́ 7 oṣù náà ni wọ́n kéde pé Pásítọ̀ Joseph Ọbáyẹmí ni yóò máa darí ti Nàìjíríà, kí Adébóyè máa bójú tó ti gbogbo àgbáyé. Wọ́n ń sunkún nílé kejì wa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ààrẹ Buhari yọ Jim Obazee, ọ̀gá àjọ yẹn, nípò, wọ́n sì dá òfin náà dúró. Òfin pòórá, ẹkún dópin, a padà sídìí gàrí wa.

Òfin CAMA tuntun, tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, tún dé ní oṣù Kẹjọ 2020, ariwo tún sọ. Ó fún CAC lágbára láti dá àwọn trọ́sítì ẹgbẹ́ dúró bí wọ́n bá ń darí rẹ̀ báṣubàṣu, kí wọ́n sì fi alámòójútó fìdíhẹ́ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, CAN, fárígá. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìjọba tí kò tíì ṣírò owó tirẹ̀ tán ló fẹ́ wá ka àpò ìjọ? Ṣùgbọ́n àwọn aláriwo ò ka ìyókù ìwé náà. Ìyá Tíṣà kà á. Ó gbé jígí rẹ̀ wọ̀, ó fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tó ní owó àti ohun ìní ẹgbẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fi ṣe, kò gbọdọ̀ di èrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pín. Ó tún fàlà sábẹ́ ibi tó ní lọ́dọọdún, láàárín ìparí oṣù Kẹfà àti ìparí oṣù Kejìlá, kí wọ́n fi ìròyìn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí CAC. Ó wá bèèrè lọ́wọ́ Bàbá: "Èyí tí a fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá dà?" Bàbá ní ó wà nínú fáìlì. Fáìlì dà? Ó wà lọ́wọ́ àbúrò.

Áà, àbúrò! Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Fi ìdajì àgbọn yẹn sílẹ̀, tẹ́tí.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí kan lókè òkun fowó ránṣẹ́ pé kí ẹgbẹ́ gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ fún àwọn opó létíkun. Ìwọ náà mọ omi ibẹ̀. Bí ẹni tó gbẹ́ ẹ ò bá gbẹ́ ẹ jìn, iyọ̀ ni wàá máa fà, kódà ọṣẹ ò ní hó nínú rẹ̀. Àbúrò ló gba iṣẹ́ náà. Àbúrò ló sọ iye tí yóò ná wọn. Àbúrò, gẹ́gẹ́ bí trọ́sítì, ló buwọ́ lù ú pé iṣẹ́ ti parí, ó sì dára. Ibo ló wá gbẹ́ ẹ sí? Inú ọgbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Ó fi gáàtì sí i, ó fi àgádágodo sí gáàtì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ìdí bàǹtẹ́. Àwọn opó ṣì ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì nígbà náà. Èmi sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ níbi tí a ti ń fọṣọ, mò ń sọ ọ́ lọ́jà, mò ń sọ ọ́ fún ọlọ́kadà. Gbogbo ohun tí mò ń sọ káàkiri yẹn, ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn kó tó dé etí mi. Bí bọ́ọ̀dù bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ ni, kí ni mo fẹ́ rí gbọ́?

Lọ́jọ́ tí ẹnì kan wá sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn, ìrẹsì ti délẹ̀. Ìyá Tíṣà dìde, ó da ọwọ́ bo kúlà: "Ẹ fojú fo oúnjẹ ná. Ọ̀rọ̀ kànga-dẹ̀rọ fẹ́ wáyé. Àbúrò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ síta díẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ gbaṣẹ́."

Ìyàwó, eṣinṣin ò fò.

Bàbá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, èyí tó burú ju igbe lọ: "Ìyá Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ dá a sílẹ̀, Bàbá, Ọlọ́run á san án fún yín. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ti kúrò ní tiyín. Ti àwọn opó ni."

Mo ti sún àga mi mọ́ fèrèsé dáadáa nígbà náà. Álífà, tí kò fọhùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì, hú ikọ́. Ó ní Àlùkùránì gan-an, nínú Súrà Bákárà, ní kí àwọn tó bá ń yá ara wọn lówó kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì wá ẹlẹ́rìí, kí ló wá dé tí owó opó ò fi lákọsílẹ̀? Pásítọ̀ ò fẹ́ kí Álífà gba iyì lọ. Òun náà dìde, ó ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà: àwọn kan ráhùn pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó wọn nínú ìpín ojoojúmọ́, ni wọ́n bá yan ọkùnrin méje sídìí ẹ̀. Ó wo àyíká tábìlì, ó kà á. Àwọn náà jẹ́ méje. Olóyè ní kí wọ́n tún un sọ sókè. Wọ́n tún un sọ. Ó ní, "Hẹn, kí àbúrò bọ́ síta." Àbúrò bọ́ síta, ó wá dúró sábẹ́ fèrèsé mi, a jọ ń gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe nìyẹn, mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Bàbá ni ọ̀gá iṣẹ́, òun ni yóò máa ṣe é; Pásítọ̀ di alága, ọdún mẹ́ta, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹni méjì ni yóò máa buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí kan náà. Wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá Ìkòyí pé kó máa wá sípàdé tàbí kó fipò sílẹ̀. Èsì tó fi sórí WhatsApp? Ó ní òun ò mọ̀ pé òun wà nínú ẹ̀.

Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i tó jókòó síwájú gbọ̀ngàn títí ilẹ̀ fi ṣú, ó fi fìlà bojú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ohun tí èèyàn fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀! Àmọ́ ní báyìí, ó ti padà sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń lọ kọ orúkọ ọmọ, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ìgbà tó ń ṣe alága, akápò àti onídàájọ́ lọ. Wọ́n ti fa ẹ̀rọ omi kan gba abẹ́ ògiri jáde síta. Èyí tó kù nínú owó iṣẹ́, àbúrò ò tíì dá a padà, ó ń sọ pé irin ti wọ́n. Ìyẹn ṣì wà nílẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé wọ́n ń lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn báyìí, àwọn èèyàn á ti kà á tán kí n tó jí. Ọjà mi ń kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Tíṣà wá jókòó síbi tí o jókòó sí yìí. Ó ní àga ọ̀gá Ìkòyí ṣófo, wọ́n ń wá obìnrin oníṣòwò kan tí ẹnu ò wúwo láti bèèrè ọ̀rọ̀. Orí mi wú. Mo bèèrè ìrẹsì, ó ní ó ṣì wà, lẹ́yìn ìpàdé. Mo bèèrè owó mọ́tò, ó ní mọ́tò wo ni mo fẹ́ wọ̀ láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà? Ó dáa. Ó wá fa ìwé kan yọ kí n buwọ́ lù ú: pé ohunkóhun tí a bá sọ nínú ìpàdé, n ò ní sọ ọ́ níta. Mo wo ìwé. Mo wo fèrèsé mi. Mo ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọkọ mi."

Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti kú. Òun náà mọ̀. Ìwé ọ̀hún ló wà lábẹ́ àwo yẹn, rọra o, má jẹ́ kí àdín kán sí i.