Ìjàpá Gbé Ọkọ̀ Sókè, Ọ̀nà Wà Nílẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò balẹ̀ sí Ìyànà Ìpájà, kò balẹ̀ sí Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkòtún ló balẹ̀ sí. Ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí Òkété fọkanáísà. Ó tún kan Ọ̀pọ̀lọ́ tó ra ilẹ̀ sínú kòtò.

Àwọn ẹranko ló kọ́lé sí àdúgbò kan tó yà kúrò lára ọ̀nà Ìkòtún sí Ìjẹ̀gun. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ kò nílò kí n ròyìn. Tírélà àti típà ti fi táyà wa ọ̀nà náà ní poro méjì, àárín rẹ̀ ga bí ebè. Kòtò tó tóbi jù wà níwájú ilé Àgbò, inú rẹ̀ ni Ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé. Ó ti bímọ síbẹ̀, ó ti sọ wọ́n lórúkọ síbẹ̀, ó sì máa ń jókòó nípàdé ẹgbẹ́ onílé. Ta ni yóò lé e? Ó pẹ́ nínú kòtò náà ju Àgbò lọ nínú ilé.

Ní oṣù kẹta, kí òjò tó dé, ẹgbẹ́ onílé pinnu láti dá owó jọ. Wọn yóò ra òkúta wẹ́wẹ́, wọn yóò la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì kí omi lè rí ibi gbà, Erin yóò sì fi típà rẹ̀ kó yanrìn dé. Nígbà tí ó kan ẹni tí yóò pa owó mọ́, Ìjàpá tó jẹ́ alága dìde. Ó ní, "Nínú gbogbo yín, ta ló ní àpótí líle lẹ́yìn tí olè kò lè já?" Gbogbo wọn wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń yan akápò títí dòní: a máa ń wádìí bóyá olè lè jà á, a kì í wádìí èyí tó kù.

Kò pé oṣù kan, Ìjàpá wa Hilux dé. Tòkunbọ̀ ni, funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu. Wọ́n bi í léèrè òkúta. Ó gun orí búlọ́ọ̀kù kan kí wọ́n lè rí i.

"Ẹ̀yin ará mi, òkúta tí a bá dà sílẹ̀, òjò á gbé e lọ. Ọkọ̀ tí a bá gbé sókè, òjò wo ló fẹ́ gbé e? Kí la wá ń gbé ọ̀nà sókè fún ọkọ̀ sí, nígbà tí a lè gbé ọkọ̀ sókè fún ọ̀nà?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù. Ìgbín nìkan ló na ìwo rẹ̀ sókè: "Alága, àwa tí a kò ní ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ óò máa rí mi bí mo bá ń kọjá."

Alápàńdẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń palẹ̀ mọ́, nítorí òkè-òkun ni òun ti máa ń lo àkókò òjò wa. Ẹni tó bá dé ìlú òyìnbó kò lè ṣe kó má sọ ọ́. Ó ní òun gbọ́ ìròyìn orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n ń pè ní Iceland, pé ilé iṣẹ́ Arctic Trucks tó wà níbẹ̀ a máa fi táyà ínṣì 38 sí Hilux, pé ní ọdún 2007 àwọn elétò Top Gear ti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wa irú rẹ̀ gba orí òkun tó di yìnyín ní àríwá Kánádà. "Àmọ́ o, yìnyín ni tiwọn," ni ó fi kún un. "Ńṣe ni wọ́n ń jo afẹ́fẹ́ táyà náà sílẹ̀ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ọkọ̀ má bàa rì. Ọ̀rọ̀ gíga nìkan kọ́." Ìjàpá gbọ́ 38. Ìyókù bá Alápàńdẹ̀dẹ̀ fò lọ.

Ó di ọ̀dọ̀ Òkété, lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá rọ́ńdábọ́ọ̀tù Ìkòtún. Òkété kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ló ń gbé, kò sí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀nà Ìkòtún tí kò mọ̀. Ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà Hilux náà.

"Alága, ẹ wò ó: 265/65R17. 265 yìí ni ìbú táyà ní mìlímítà. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a bá pín ìbú yẹn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún. 17 ni ínṣì rímù. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti ilẹ̀ dé òkè táyà jẹ́ 776 mìlímítà. Tí a bá fi 285/70R17 sí i, ó di 831. Àwọn ọmọ wa ń pè é ní *thirty-three*."

Ìjàpá ka ìka títí. "Mo ti fi 55 ga nìyẹn."

"Rárá, sà. Àárín táyà ni ákísù wà. Ìdajì 55 ló máa kàn án. Kò tó ìbú ìka méjì."

"Ìka méjì? Owó odidi àdúgbò?"

"Owó òkúta, ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀," ni Òkété wí, ó sì yára kọjú sí nǹkan mìíràn. "Tí ẹ bá máa gba tèmi, ẹ jẹ́ kí táyà yín wà bó ṣe wà, kí ó ṣáà jẹ́ tuntun, kí eyín rẹ̀ jinlẹ̀ díẹ̀. Ẹrẹ̀ wa níbí ní ìsàlẹ̀ tó le. Táyà tóóró a máa gé ẹrẹ̀ náà kọjá, a dé ibi tó le, a sì rí ibi tẹsẹ̀ bọ̀. Èyí tó fẹ̀ a máa léfòó, a wá máa yọ̀. Iyanrìn ló dára fún. Àwọn eléyín gàǹgà tí ẹ rí nínú fóònù, ariwo ni wọ́n ń pa lórí ọ̀dà, wọ́n sì ń tètè jẹ tán. Bí òjò bá rọ̀ sórí ọ̀dà náà, ẹ ó tẹ bírékì, ọkọ̀ á ṣì máa lọ."

Ìjàpá ní ṣé òun wá kọ́ ìṣirò ni. Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ mẹkáníìkì.

Ọ̀bọ kì í bá oníbàárà jiyàn. Ó ní òun lè gbé e sókè ní ínṣì 4 kí ilẹ̀ tó ṣú, láì fọwọ́ kan táyà. Ó ki irin róbótó bọ orí ṣọ́ọ̀kù iwájú. Lẹ́yìn, ó gbé bàtà irin sáàárín ákísù àti sípíríǹgì, ó fi bóòtù gígùn dì í. Hilux na ọrùn. Ìjàpá jìnnà sí i, ó wò ó láti òdìkejì títì, omi ayọ̀ lé ròrò sójú rẹ̀. Ẹ̀yìn tí owó bọ́ sápò Ọ̀bọ ló tó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ara ọkọ̀ ló ga o, pé ákísù ẹ̀yìn wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí orí táyà ni ákísù jókòó lé. Táyà nìkan ló lè gbé e kúrò nílẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ìjàpá wọ àdúgbò pẹ̀lú fèrè. Táyà méjèèjì bọ́ sínú poro, ikùn ákísù ẹ̀yìn gúnlẹ̀ sórí ebè àárín ọ̀nà, gbì! Táyà ń yí, ọkọ̀ ò lọ. Orí rẹ̀ ga fíofío, ìdí rẹ̀ jókòó. Àwọn ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ yọjú, wọ́n gbé orin:

Ìjàpá ló gbé ọkọ̀ ga o,
*Gogoro-gòdò.*
Ó gbé orí, kò gbé ìdí,
*Gogoro-gòdò.*
Ìdí kan ebè, ó jókòó,
*Gogoro-gòdò.*
Ẹ bá a tì í, ẹ bá a fà á,
*Gogoro-gòdò, ọ̀nà ń bẹ nílẹ̀ o.*

Típà Erin ló fà á yọ. Ẹlòmíràn ìbá dá a dúró níbẹ̀. Ìjàpá ní gíga náà ni kò tíì tó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bá a kó táyà ínṣì 35 dé láti ọjà Ládipọ̀ ní Mushin, ó ti fi nǹkan dúdú pa wọ́n, wọ́n ń dán. Òkété wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan: 2211. "Ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é, sà. Bàbá àgbà ni wọ́n kun lẹ́ẹ̀dì fún yìí." Ìjàpá ní àgbà ló mọ ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá bí ọmọ. Táyà náà jẹ́ 889 mìlímítà, ibi tí wọ́n fẹ́ kì í bọ̀ kò gbà á. Bí Ìjàpá bá yí sítíárìn ní rọ́ńdábọ́ọ̀tù, táyà a máa jẹ apá ọkọ̀. Ọ̀bọ mú ayùn, ó gé apá ọkọ̀ dànù. Irin tó ń yí táyà iwájú ti dagun jù nítorí gíga tí wọ́n fi kún un. Rọ́bà tó bo oríkèé rẹ̀ ya, ẹrẹ̀ wọ ibẹ̀, ó di ká-ká-ká ní gbogbo kọ́nà. Ẹ́ńjìnnì kò lágbára mọ́, nítorí táyà ńlá wúwo láti yí, jíà tí wọ́n fi sí ọkọ̀ láti ilé kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀bọ ní kí wọ́n pààrọ̀ jíà ìdí ọkọ̀. Ìjàpá ṣí àpótí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ owó.

Aago eré náà ń purọ́. Iye ìgbà tí táyà yí ni òun mọ̀ ọ́n kà, kò mọ̀ pé táyà ti dàgbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lójú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rí (ọjọ́ mìíràn wo leèyàn tún ń rí àyè sáré níbẹ̀?), aago ń sọ 80, ọkọ̀ ń sá nǹkan bíi 92. Ìjàpá tẹ bírékì ní Ìgandò, bírékì náà kò tíì gbọ́ nípa táyà tuntun. Àárín igbá ata Ewúrẹ́ ni ọkọ̀ dúró sí. Ó san owó ata, nínú àpótí kan náà.

Ṣé ẹ rántí bí ẹsẹ̀ Ìjàpá ti rí? Kò lè gun ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó gba ọmọ Ọ̀bọ síṣẹ́ láti máa gbé àpótí ìjókòó tẹ̀lé e káàkiri: ó gùn ún wọlé, ó tẹ̀ ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, "àbójútó ọ̀nà" ni wọ́n kọ owó oṣù ọmọ náà sí.

Ní ọjọ́ kan Yánníbo ra tòmátì ní ọjà Ìkòtún, ọkọ rẹ̀ wá gbé e. Ọmọ alápótí ti lọ jẹun. Yánníbo dúró lábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, apẹ̀rẹ̀ lórí, ó ń kọrin, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Maruwa ń gbè é:

Olówó orí mi, na ọwọ́ sí mi o,
*Gogoro-gòdò.*
Ọwọ́ tìrẹ kúrú, ẹsẹ̀ tèmi kúrú,
*Gogoro-gòdò.*
Tòmátì mi ń rọ̀ lóòrùn,
*Gogoro-gòdò.*
Ta ló kọ́lé sókè tí kò ṣe àtẹ̀gùn?
*Gogoro-gòdò, ọ̀nà ń bẹ nílẹ̀ o.*

Maruwa ló gbé e délé. Ó ti se ọbẹ̀ tán kí Hilux tó dé.

Oṣù kẹfà wọlé. Òjò rọ̀ lálẹ́, ó rọ̀ mọ́jú, ó tún rọ̀ di ọ̀sán. Gọ́tà kò sí, omi ò ríbi lọ, ọ̀nà di odò. Gbogbo ọkọ̀ kú sí ẹnu ọ̀nà. Ìjàpá nìkan ló tẹná mọ́ ọn, Hilux wọ omi, kò dúró, kò kọsẹ̀, ó ń lọ! Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọkọ̀ náà kọjá. Ìjàpá ń na ọwọ́ sí àwọn ará àdúgbò láti òkè.

Àmọ́ omi tí táyà ńlá mẹ́rin bá tì, ó ní ibi tó ń lọ. Ìgbì kan ya sí ọ̀tún, ó wọ ilé Àgbò, ó gbé bẹ́ẹ̀dì. Òmíràn ya sí òsì, ó wọ ilé Ajá. Ilé Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló wà ní ìpẹ̀kun, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Bí ọkọ̀ ti ń sún mọ́ ilé ni ìgbì ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nígbà tí ó dé, Yánníbo wà lórí tábìlì, ìkòkò ọbẹ̀ ń lọ káàkiri pálọ̀.

Wọ́n pé jọ sábẹ́ ọkọ̀ náà nínú omi. Ọ̀pọ̀lọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà: "Alága, ìgbì yín gbé àwọn ọmọ mi wọ yàrá Àgbò. Àgbò ń béèrè owó ilé lọ́wọ́ mi!"

Erin ní, "Alága, ìwé owó dà?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ ká jọ jókòó sọ ọ́," ni Ìjàpá wí. Ó wolẹ̀. Àpótí ìjókòó ti bá omi lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀gun, ọmọ Ọ̀bọ ti bá a lọ.

Wọ́n kò dúró dè é. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti yan Ìgbín ṣe alága tuntun. Àgbò kùn díẹ̀ pé òun náà gbé àpótí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ti Ìgbín ò le tó ti àná. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó tà wọ́n rà wọ́n padà, òkúta ni wọn yóò fi owó náà rà.

"Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wá àpótí kan ná!" ni Ìjàpá ń ké láti ojú fèrèsé.

Ìgbín kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ ti gbọ́, wọn yóò gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Òkété ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ti fi jáàkì sí i. Ó yọ orí jáde díẹ̀. "Alága àná, ẹ di sítíárìn mú dáadáa," ni ó wí. "Kí táyà tó lè kúrò, a ní láti kọ́kọ́ gbé yín ga sí i."